Mọ́tò Tí A Fi Ọwọ́ Kàn àti Ìwé Adójútòfò Tí Mo Yàn fún Un

Àwọn àgbà ló máa ń kọ irú ìtàn yìí, nígbà tí wọ́n bá ti gbé irinṣẹ́ wọn sílẹ̀. Èmi kò tíì dàgbà, irun orí mi ṣì dúdú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wẹ́dà tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi kọ́ tí mo sì ṣe, mo ti fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀, nítorí ojú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé mo ní ohun tí mo lè sọ fún ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ṣe kúrú tó, ẹ bá mi mú un bẹ́ẹ̀.

Abà wa wà lẹ́yìn Olódò, ní ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó gba inú oko ẹ̀gẹ́ kọjá. Bàbá mi ń dáko, ìyá mi ń yan gàrí. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, aṣọ rírán ni wọ́n ní kí n lọ kọ́. Mo lọ. Àwọn obìnrin tó wà ní ilé aránṣọ yẹn kì í dákẹ́. Bí wọ́n bá ti bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, ọrùn mi á gbóná, n kò ní mọ ohun tí n ó sọ, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Lódìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà wà. Mo máa ń wo ibẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ariwo irin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní sínú ara mi pé ibi tó yẹ mí nìyẹn.

Bàbá mi mú mi lọ bá ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, Alàájì Múfútáù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀gá Múfú. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi.

"Ó lágbára," ni bàbá mi wí.

"Mo rí i. Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹnu kẹ̀? Ràlíyà kò lẹ́nu rárá. Kò ní yọ yín lẹ́nu."

"Ìyẹn gan-an ni yóò yọ mí lẹ́nu," ni Ọ̀gá wí.

N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú iṣẹ́ wa, kí iná wẹ́dà tó bù yẹ̀rì, ẹni tó mú un lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ pariwo "Ojú!" kí gbogbo ẹni tó wà nítòsí lè yíjú kúrò. Bí kò bá pè é, ojú ẹlòmíràn ló ń sun. Ẹnu mi kò sì gbé e. Bí mo bá pè é, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ọ̀gá gba iná lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Níkẹyìn, wọ́n ní kí n lọ dúró sí etí títì, kí n máa pariwo "Ojú!" sí àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá.

Ọlọ́kadà kan tẹ bíréèkì. "Kí ló ṣe ojú mi?"

Mo sá wọ inú ṣọ́ọ̀bù, omijé ń dà lójú mi. Ọ̀gá kò gbójú sókè kúrò lára iṣẹ́ wọn. "Ó gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Ó tó fún òní. Lọ́la, ẹni tó wà lórí mọ́tò akẹ́rù ni o ó pè, kí ó gbọ́ ọ."

Bí wọ́n ṣe le nìyẹn. Páànù tí ó bá ti wú, òòlù ni wọ́n máa ń fún mi kí n fi nà án títí yóò fi tẹ́jú. Bí mo bá ní ó ti tẹ́jú, wọ́n á fi omi pa àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á di ojú, wọ́n á sì fà á kọjá lórí irin náà. Ibi tí ọwọ́ wọn bá ti dúró, n ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n nígbà kan pé kò sí ẹni tí yóò rí i. Wọ́n ní, "Irin kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, Ràlíyà. Èmi náà kì í gbọ́ ọ." Mo kórìíra wọn nígbà yẹn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n èmi wo ẹnu àáké yẹn títí ọwọ́ mi fi yi.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, iná gáàsì ni a fi ń jó irin tẹ́ẹ́rẹ́, a sì ní ẹ̀rọ wẹ́dà ńlá kan tí a tò jọ fúnra wa, tí ó máa ń wárìrì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí iná ìjọba bá lọ, a ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè fi kọ́ èjìká dé, èyí tí kò wúwo ju àpò gàrí kékeré lọ. Ayùn irin tí a fi ń gé ọ̀pá láàárọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, ẹ̀rọ tí ń lọ irin gba iṣẹ́ rẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. Ẹnikẹ́ni kò rò ó pé bí iṣẹ́ ṣe ń yá sí i ni iná tí ojú wa ń rí lóòjọ́ ń pọ̀ sí i.

Mo parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo gba fírídọ̀ọ̀mù, mo sì dúró ti Ọ̀gá bí òṣìṣẹ́. Owó tí wọ́n ń san fún mi tó mi jẹ, n kò ní ẹjọ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bí ẹni pé ẹnìkan da iyanrìn sí mi lójú ni. Ní ilé ìwòsàn ojú, dókítà ní ojú náà ṣì ń ríran dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá tún fi wo iná wẹ́dà, kí n má wá bá òun mọ́.

Mo sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n wá ní, "Kí lo lè ṣe?"

Mo ní n kò mọ ohun mìíràn.

"O mọ mọ́tò wà. A ó kan mọ́tò kan fún ọ."

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń ta egungun mọ́tò kékeré ní túkátúká: férémù, ẹsẹ̀, ọwọ́ ìtọ́kọ̀, gbogbo rẹ̀ nínú àpótí. Ẹni tó bá rà á ni yóò wá ẹ́ńjìnnì sí i, òun náà ni yóò sì kan ara rẹ̀. A rà á. Ẹ́ńjìnnì wá láti ara mọ́tò tí igi wó lù. Ọ̀gá àti àwọn ọmọṣẹ́ ni wọ́n jó irin, èmi ni mo na páànù, mo sì kọ ẹ̀yìn sí iná. Iwájú rẹ̀ gba ènìyàn mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ gba àpò ẹ̀gẹ́ àti gàrí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì gba òkè ìjókòó kọjá láti gbé tapólì dúró. Àwọn ọmọ abà rí i, wọ́n sọ ọ́ ní Ahun.

Ìgbà yẹn ni ìdààmú bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò kò lè jáde sí títì láìní ìwé, wọn kò sì ní fún un ní nọ́ńbà láìní ìwé adójútòfò. Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ẹni tó gbẹ́ sàréè sílẹ̀, òkú ló ń retí." Ọ̀gá ní kí n ra èyí tó bá kéré jù, kí n máa fi han ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n èmi, láti kékeré ni mo ti máa ń rí àjálù kí ó tó dé. N kò sùn dáadáa. Bí mo bá di ojú, Ahun á dojú dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ta ìwé wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù. Búrọ̀dá Táyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó yí Ahun po, ó ń fi ọwọ́ pa á.

"Ọ̀nà mẹ́ta ló wà," ó ní. "Èyí kékeré: bí o bá fi mọ́tò yìí ṣe ẹnìkan léṣe, ìbáà jẹ́ ẹni tó bá ọ jókòó nínú rẹ̀, a ó tọ́jú ẹni náà. Mọ́tò tìrẹ, kò kàn wá. Èyí ńlá: a ó tún mọ́tò náà ṣe pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta ni ti akérò, fún ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ èrò."

"Èyí ńlá dára," ni mo sọ, ohùn mi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.

"Ìṣòro wà níbẹ̀. Èló ni mọ́tò yìí tó? N kò rí irú rẹ̀ lọ́jà rí tí n ó fi díye lé e."

Inú bí Ọ̀gá. "Nítorí pé kò sí irú rẹ̀ ni kò ṣe níye lórí?"

"Alàájì, ẹ má bínú, bí ilé iṣẹ́ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ó ku ti akérò. Ìyẹn gba pé kí àwọn olùyẹ̀wò wọn wá wo mọ́tò náà, kí a fi bẹ́líìtì sí ìjókòó, kí n wọ ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, kí n máa dúró ní gáréèjì, kí n máa pe èrò. Èmi! Kí n máa pariwo "Olódò! Ó ku ẹnìkan!" kí n sì máa bá ènìyàn jà lórí ṣéńjì! Mo ní gàrí ìyá mi nìkan ni n ó máa fi kó lọ sọ́jà.

"Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mú kékeré," ni Búrọ̀dá Táyọ̀ wí. "O lè gbé ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: ọjọ́ tí o bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí o gbé, ìwé yìí ti di ìwé lásán."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Ẹni tó bá mọ abà wa yóò mọ ìdí. Ní ọ̀nà wa, kò sí ẹni tó ń wakọ̀ kọjá lára àgbàlagbà tó ru ẹrù. Wọn kò ní bú ọ, wọn á kàn máa bi ìyá rẹ bóyá ojú rẹ ti sàn. Ẹni tí o bá sì gbé kò ní sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Yóò fi nǹkan sílẹ̀: ata, àgbàdo méjì, ohunkóhun tó bá wà nínú agbọ̀n rẹ̀.

Mo gbìyànjú, mo béèrè. "Ilá ńkọ́?"

"Ilá báwo?"

"Bí wọ́n bá fún mi ní ilá."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Búrọ̀dá Táyọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ronú. "N kò mọ ti ilá," ó ní. "Má gbà á."

Bí mo ṣe mú ìwé kékeré nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi wa Ahun lẹ́yìn náà, ilá ni mo ń bá jà. Mo ń gbé wọn, mo sì ń kọ ohun tí wọ́n ń fún mi. Wọ́n ní mo ti ń gbéra ga. Obìnrin kan bi mí pé, "Ṣé májèlé wà nínú ata mi ni?" Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ adójútòfò fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kò ń yé èmi fúnra mi mọ́. Ó gbé ata rẹ̀, ó lọ, kò kí mi.

Ẹni tó le jù nínú wọn ni Ìyá Kúdí, opó kan tó ń dá oko ilá lẹ́yìn abà. Ó ti pẹ́ tí ọkọ wọn ti kú, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún wọn ní nǹkan láìdá a padà. Bí mo bá kọ ilá wọn, wọn á wo mí bí ẹni tí mo gbá létí.

Ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo kó gàrí, mo gbé Ìyá Kúdí ní ìdí igi ọsàn. Wọ́n na agbọ̀n ilá sí mi. Mo ní rárá. Wọ́n tún nà án. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, n kò lè gbà á." Mo lọ di okùn ẹrù lẹ́yìn, mo padà wá, wọ́n ti jókòó, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. A ń lọ. Nígbà tí a dé ibi tí omi ń gbà lábẹ́ ọ̀nà, mo rọra ń yí táyà. Ilẹ̀ etí ọ̀nà náà dà bíi pé ó le. Kò le. Àgbàrá ti jẹ ẹ́ nínú, ojú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo gbọ́ bí ó ṣe já, Ahun sì rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú kòtò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó rẹ̀. Gàrí dà sórí wa. Mo pe Ìyá Kúdí. Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi dáhùn kì í ṣe ohùn wọn.

Itan wọn ló ṣẹ́. Àwọn ará oko fà wọ́n jáde, wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn kan ní kí a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ atẹ́gungun, ṣùgbọ́n dókítà ní ọ̀nà tí egungun náà gbà ṣẹ́, àfi kí wọ́n fi irin sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní fi ẹsẹ̀ náà rìn dé oko mọ́. Apá ẹnikẹ́ni nínú wa kò ká owó irin yẹn. Ìwé adójútòfò nìkan ló kù.

Nígbà tí a gbé Ahun dìde, mo rí ilá lábẹ́ ìjókòó mi. Ó ti fọ́, ó yọ̀ mọ́ irin. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Búrọ̀dá Táyọ̀ mú obìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn, olùyẹ̀wò láti ilé iṣẹ́ wọn. Obìnrin náà ṣe jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Kúdí lórí bẹ́ẹ̀dì. Kúdí, ọmọ wọn, dúró lápá kan, èmi dúró nídìí ògiri.

"Màmá, ẹ kú ìrora o. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí ẹ wọ mọ́tò yìí, ṣé ọ̀fẹ́ ni, àbí ẹ san nǹkan?"

Ìyá Kúdí gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "Ọ̀fẹ́? Ta ló sọ ọ́? Mo san."

Búrọ̀dá Táyọ̀ wolẹ̀.

"Ẹ san, Màmá?"

"Mo san dáadáa! Ṣé mo jọ ẹni tí ń wọ mọ́tò ọ̀fẹ́ lójú rẹ ni? Lọ bi wọ́n léèrè ní abà wa."

Kúdí sáré sún mọ́ wọn. "Ẹ má dá wọn lóhùn, oògùn ló ń gùn wọ́n."

"Oògùn kankan kò gùn mí! Ìwọ ni oògùn ń gùn!"

Olùyẹ̀wò náà ti ń kọ nǹkan. Bí mo bá ní, "Ìyá, ẹ sọ pé ọ̀fẹ́ ni," mo ti sọ wọ́n di òpùrọ́ àti alágbe níwájú àlejò, wọn kò sì ní gbà. Bí mo bá dákẹ́, irin kò ní wọ itan wọn. Ohùn mi jáde kí n tó mọ̀ pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ ga jù.

"Ìyá, ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe san án. Bí ó ṣe rí gan-an."

"Kí ló tún kù tí n ó sọ? Ilá ni. Ilá tí mo já láàárọ̀ ọjọ́ náà." Wọ́n yíjú sí olùyẹ̀wò. "Ọmọ yìí, olóríkunkun ni! Mo fún un, ó ní rárá. Mo tún fún un, ó ní òun kò lè gbà. Ìgbà tó lọ di okùn lẹ́yìn, mo bá ti ilá mi sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Mo san án ní tipátipá!"

"Ní tipátipá?"

"Àní tipátipá!"

"Ó mọ̀?"

"Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Bí ó bá mọ̀, ṣé kò ní dà á síta?"

Olùyẹ̀wò wo mí. Ó wo Búrọ̀dá Táyọ̀. Ó fa ìlà kan lórí ohun tó ti kọ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣèlérí. Ó ní a ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo mọ òwe yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àsìkò tí mo fi ń retí èsì ni mo mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí fóònù bá dún, n ó gbé e fún ìyá mi. Kúdí kì í kí mi mọ́. Ìyá Kúdí wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n so mọ́ òkúta kí ó lè nà, wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ta ló ń bá wọn já ilá.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò san owó náà. Búrọ̀dá Táyọ̀ fúnra rẹ̀ ló gun ọ̀kadà wá sọ ọ́. Wọ́n ní mo kọ owó ọkọ̀, ẹni tí kò mọ̀ kò sì gbà. Irin wọ itan Ìyá Kúdí. Ti Ahun kò kàn wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ. Ọ̀gá fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wọlé, wọ́n sì gbé òòlù fún mi.

Nígbà tí ìwé náà tó tún ṣe, mo mú ti akérò. N kò lè fi gbogbo ọjọ́ ayé mi máa wo abẹ́ ìjókòó. A fi bẹ́líìtì sí i, àwọn olùyẹ̀wò wá, mo wọ ẹgbẹ́, mo sì ń pe èrò. Mo ń gba owó, mo ń gba ilá, ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí òjò bá ṣú, nítorí ìwé kì í di ilẹ̀ mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, n kò ní purọ́ fún yín: kò sí èyí tí ẹ ó yàn tí ẹ̀rù kò ní bá a wá. Ẹ kàn wo ẹni tí ẹ̀rù náà yóò wó lù, kí ẹ sì ra ìwé tó bo ẹni yẹn.

Ọjọ́ tí Ìyá Kúdí kọ́kọ́ tún wọ Ahun, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ wọn, wọ́n ka owó wọn sí mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó jókòó. A kò tíì kúrò ní abà rárá tí wọ́n fi pariwo.

"Rọra! Irin tó wà lórí mọ́tò rẹ yìí, láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ̀ ọ́ ló ti ń gbá mi lórí!"

"Èmi náà," ni obìnrin tó jókòó tì wọ́n wí. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lágbárí níjelòó."

Mo dúró. Mo wo irin náà. Èmi ni mo na páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo sì ń jókòó sí ibi tí kò lè kàn mí.

"Ìyá, láti ìgbà yẹn, kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Sọ kẹ̀?" Wọ́n gbé ọ̀pá wọn sí àárín ẹsẹ̀, wọ́n jókòó dáadáa. "Nígbà wo lo gbà kí n sanwó, tí n ó fi lẹ́nu ọ̀rọ̀?"